Àwòṣe Ọ̀nà Ojú Irin Nínú Ilé: Ìṣòro Èdè-Ìperí àti Ọ̀nà Àbáyọ

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yà iṣẹ́ tí kò bá ní orúkọ ṣòro láti béèrè fún lọ́jà, ó ṣòro láti fi kọ́ ọmọdé, ó sì ṣòro láti bá ẹlòmíràn jiyàn lé lórí.

Púpọ̀ nínú ìgbìyànjú tí àwọn onímọ̀ ti ṣe láti pèsè èdè-ìperí fún Yorùbá ni ó kọjú sí ilé-ìwé. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1984 ni apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde fún ìlò àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kò mọ sí ilé-ìwé nìkan. Ó wà lórí tábìlì tí àgbàlagbà kan jókòó tì ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí ó ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èdè àjèjì ni yóò máa fi ronú nínú ilé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni kíkọ́ ọ̀nà ojú irin kékeré sínú ilé, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ń rìn lórí rẹ̀, afárá, ibùdókọ̀, ilé àti igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Agbègbè tí a fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ ni Lekki títí dé Ajah ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé kò sí ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà Aláwọ̀ Búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023 láti Marina dé Mile 2 kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà Aláwọ̀ Pupa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 láti Agbádò dé Òyìngbò kọjú sí àríwá. Ọ̀nà Aláwọ̀ Ewé tí ìjọba Èkó ní lọ́kàn láti Marina lọ sí apá Lekki ṣì jẹ́ ti ọjọ́ iwájú. Ọmọ tí a bí sí Èbúté Mẹ́tta lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó sì kọ́ orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ ojú irin láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ Ajah kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kí ó tó rí ohun gan-an. Ìdí kejì ni pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun, ọ̀rinrin láti ọ̀sà, àti iná mànàmáná tí í lọ tí í bọ̀, máa ń bi oníṣẹ́ náà ní ìbéèrè tí ìwé àwọn ará òkè òkun kì í sábà dáhùn.

2.0 Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Ní 1891 ni ilé-iṣẹ́ Märklin ní ilẹ̀ Jámánì gbé ọkọ̀ ojú irin kékeré jáde, pẹ̀lú ojú irin tí olùrà lè máa rà kún díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Ní 1920 ni Frank Hornby ní Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀, èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wé sípíríǹgì rẹ̀ kí ó tó lè rìn. Nígbà tí ó yá, iná mànàmáná gba ipò sípíríǹgì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1935 kí wọ́n lè fi ìwọ̀n kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan kì í lè rìn lórí ojú irin òmíràn.

Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ yìí di àyànláàyò títí ọjọ́ ogbó ni pé iṣẹ́ púpọ̀ ni ó para pọ̀ di ọ̀kan. Oníṣẹ́ náà yóò jẹ́ káfíńtà nígbà tí ó bá ń kan pẹpẹ. Yóò jẹ́ oníṣẹ́ iná nígbà tí ó bá ń so wáyà. Yóò jẹ́ onímọ̀ ìṣirò nígbà tí ó bá ń wọn ọ̀nà tí ó tẹ̀. Yóò sì jẹ́ akunlé nígbà tí ó bá ń kun ògiri ibùdókọ̀ kí ó lè rí bí èyí tí òjò ti pa. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dé àádọ́rin ọdún láìparí rẹ̀, nítorí pé pẹpẹ tí ó kọ́kọ́ kàn ni yóò fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, èyí tí ó kàn tẹ̀lé e yóò sì fi òmíràn hàn án.

Nítorí èyí, “ìgbafẹ́” kò bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tí ó gba afẹ́fẹ́ ń sinmi ni. Ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún gé irin wẹ́wẹ́ kò sinmi. “Iṣẹ́ àyànláàyò” ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù: iṣẹ́ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn, tí ó sì fi ṣe ààyò.

3.0 Orúkọ tí ó yẹ ohun kékeré náà

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó ń du ipò yìí nínú èdè Yorùbá.

(a) Ohun ìṣeré. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ pè é. Àléébù rẹ̀ ni pé kò béèrè òdiwọ̀n. Ọmọdé lè fi páálí sàdínmọ́ọ́tì ṣe mọ́tò, kí táyà rẹ̀ sì tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ohun ìṣeré ṣì ni. Níbi tí òdiwọ̀n kò bá ti jẹ́ dandan, ọ̀rọ̀ náà kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ró.

(b) Ère. Ère ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti so mọ́ ojúbọ àti ìrántí. Ẹni tí ó bá pe ọkọ̀ tí ń rìn ní ère yóò ṣi olùgbọ́ lọ́nà.

(d) Ẹ̀dà. Ẹ̀dà ìwé a máa bá ìwé gan-an dọ́gba. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi lélẹ̀ ni pé méjèèjì jẹ́ ọgbọọgba, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ nínú títóbi ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lé lórí níhìn-ín.

(e) Àwòkọ́ṣe. Ìlò ti fìdí èyí múlẹ̀ fún ènìyàn tàbí ohun tí a ń wò kí a lè kọ́ bí a ti ń ṣe. Ọkọ̀ ńlá tí ó wà ní Ìddó ni àwòkọ́ṣe. Èyí tí ó wà lórí tábìlì ni ó kọ́ ọ.

(ẹ) Àwòṣe. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, wò àti ṣe, ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti fi yá àti lò ṣẹ̀dá àyálò. A lè jiyàn pé ìtumọ̀ rẹ̀ pín sí méjì: ohun tí a wò, tàbí ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí a wò tán. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwòkọ́ṣe ti gba ipò ohun tí a wò, kò sí ohun tí ó ní kí àwòṣe má gba ipò ohun tí a ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra, tí ọ̀kan ń tọ́ka sí orísun, tí èkejì ń tọ́ka sí àbájáde, jẹ́ ẹrù iyebíye fún èdè-ìperí.

Àtakò kan tún wà. Bí ó bá ṣe pé ohun tí ojú rí ni a ń fi ṣe àwòṣe, kí ni a ó pe ọ̀nà ojú irin tí kò tíì sí? Olùgbé Ajah kan lè fẹ́ tẹ́ Ọ̀nà Aláwọ̀ Ewé sórí pẹpẹ kí ìjọba tó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀. Ìdáhùn wà nínú Yorùbá fúnra rẹ̀: kì í ṣe ojú orí nìkan ni a fi ń wò. Ojú inú náà ń wò. Nítorí náà, àwòṣe ohun àná, àwòṣe ohun òní àti àwòṣe ohun ọ̀la jẹ́ ẹ̀ka mẹ́ta lára igi kan.

4.0 Ìwọ̀n ìdínkù àti àlàfo irin

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìhín. Ohun méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn.

Èkíní ni iye ìgbà tí ohun gidi fi tóbi ju àwòṣe rẹ̀ lọ. “Ìwọ̀n ìdínkù” ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ni 1:87, tí a ń pè ní HO. Nínú ìwọ̀n yìí, ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.74 yóò di mìlímítà 20.

Èkejì ni àyè tí ó wà láàárín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń tẹ̀. A lè rò pé “ìbú ojú irin” tó fún un, ṣùgbọ́n igi tí a dá búùrú sábẹ́ irin máa ń yọ síta ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹlòmíràn yóò sì wọn igi náà mọ́ ọn. “Àlàfo irin” ni ó ṣe kedere: àyè òfìfo láti inú irin kan dé inú èkejì.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ dà pọ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n ìdínkù tí wọ́n ń lò jù níbẹ̀ ni OO, èyí tí í ṣe 1:76, ṣùgbọ́n àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5, gẹ́gẹ́ bí ti HO. Ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré sí ti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù, mọ́tò iná ìgbà náà kò sì lè wọ inú rẹ̀ bí a bá sọ ọ́ di 1:87. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú ara ọkọ̀ tóbi díẹ̀, tí wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Àlàfo irin kan, ìwọ̀n ìdínkù méjì.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àlàfo irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtàn ìlú náà mọ̀. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Ìddó dé Ìbàdàn ní 1900, tí a sì ṣí ní 1901, ní àlàfo mìlímítà 1,067. Ọkọ̀ kékeré onínya tí ó ń gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1902 títí di 1933 ní àlàfo mìlímítà 762. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ní àlàfo mìlímítà 1,435. Bí a bá fi 87 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, àbájáde rẹ̀ nìyí:

Ojú irin tuntun: 1,435 ÷ 87 = mìlímítà 16.5
Ojú irin àtijọ́: 1,067 ÷ 87 = mìlímítà 12.3
Ọkọ̀ orí afárá Carter: 762 ÷ 87 = mìlímítà 8.8

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àwòṣe ojú irin àtijọ́ ní 1:87, tí ó sì ra ojú irin HO lọ́jà nítorí pé “HO ni HO í jẹ́”, ti ṣìnà. Mìlímítà 16.5 lọ́nà 87 jẹ́ 1,435. Ọ̀nà tí ó tẹ́ fi mìlímítà 368 fẹ̀ ju ti Ìddó lọ. Ó ju ìdá mẹ́ta ìwọ̀n tòótọ́ lọ. Ẹni tí ó mọ ojú irin àtijọ́ dáadáa yóò wo ọkọ̀ náà, yóò sì rí i pé ó ya ẹsẹ̀ jù. Kì í ṣe ọwọ́ oníṣẹ́ ni ó ṣàṣìṣe; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń lò fún ohun méjì ni.

Ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Ó lè ra ojú irin oní-mìlímítà 12, tí ó sún mọ́ 12.3 tó láti tẹ́ ojú lọ́rùn. Ó sì lè fi àlàfo irin 16.5 sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó yí ìwọ̀n ìdínkù padà sí 1:64, nítorí pé 1,067 tí a fi 64 pín jẹ́ 16.7. Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn láàárín wọn ń lo 1:120 pẹ̀lú ojú irin oní-mìlímítà 9. Fún ọkọ̀ orí afárá Carter, ojú irin oní-mìlímítà 9 kan náà yóò sìn ín dáadáa ní 1:87. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ lè ti ọ̀nà mẹ́ta dé ibi tí ó ń lọ.

Ohun kẹta tí ó tọ́ kí a mẹ́nu bà ni gígùn. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157. Ní 1:87, yóò gùn ní nǹkan bí kìlómítà 1.8, kò sì sí yàrá tí ó lè gbà á ní Ajah tàbí níbikíbi. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ yan ibi tí ó ṣe pàtàkì, kí ó sì fò ibi yòókù. “Ìkékúrú” ni a lè pe èyí. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n ìdínkù: ọkọ̀ àti ilé kò yí padà, ọ̀nà nìkan ni a ké kúrú.

5.0 Orúkọ àwọn ẹ̀yà

5.1 Ojú irin

Yorùbá ti fún ọ̀nà náà lórúkọ láti ìgbà pípẹ́. “Ojú irin” sàn ju àyálò èyíkéyìí lọ, nítorí pé ojú níhìn-ín bá ojú ọ̀nà àti ojú omi dọ́gba: ibi tí ìrìn ti ń wáyé. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni a lè kọ́ ìyókù lé.

Igi tí a dá búùrú sábẹ́ irin ni “igi ìdábùú”. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lò, yóò di sílípà, tí yóò sì dún bí bàtà tí a ń wọ̀ nínú ilé. Ibi tí ọ̀nà kan ti pín sí méjì ni “oríta”. Irin ṣóńṣó méjì tí ń sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì láti darí ọkọ̀ ni “ahọ́n oríta”, nítorí pé ó ń jù sọ́tùn-ún sósì bí ahọ́n nínú ẹnu. Ohun tí ó so ọkọ̀ kan mọ́ èkejì ni “ìkọ́”. Ní ti ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, tẹ́ṣàn ti wà nínú èdè tipẹ́, ṣùgbọ́n létí ará Èkó òde òní, ibi tí ọlọ́pàá ń mú ènìyàn lọ ni. “Ibùdókọ̀ ojú irin” kò mú ìpayà dání.

5.2 Irin tí kì í ṣe irin, fàdákà tí kì í ṣe fàdákà

Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun kò ṣàánú irin. Ojú irin kékeré tí a fi irin gidi ṣe yóò dógùn-ún kíákíá ní Lekki, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oníṣẹ́ ibẹ̀ ra èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nickel silver. Orúkọ yìí jẹ́ pàkúté fún atúmọ̀-èdè. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí oríṣi fàdákà kan, irọ́ ni ó pa, nítorí pé kò sí fàdákà nínú rẹ̀ rárá. Bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni a yọ́ pọ̀. Àwọ̀ funfun rẹ̀ ni ó jọ ti fàdákà. Àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ti mọ ohun tí ó jọ ọ́ tipẹ́tipẹ́, kò ṣe irú àṣìṣe yìí: bàbà funfun ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un. Ní Yorùbá, bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ síńkì ni idẹ. Nítorí náà, “idẹ funfun” ni ó bá a mu jù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé ohun gan-an ni ó yẹ kí a sọ lórúkọ. Kì í ṣe orúkọ àjèjì rẹ̀ ni ó yẹ kí a túmọ̀.

Ọ̀rinrin náà ń mú kí pákó pẹpẹ wú, kí ó sì tún sún kì. Ó yẹ kí a kun pákó náà ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ kí omi má bàa wọ inú rẹ̀, kí a sì fi àyè bíńtín sílẹ̀ níbi tí irin kan ti pàdé òmíràn. A kò gbọdọ̀ pe àyè yìí ní àlàfo, nítorí pé àlàfo irin ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. “Ẹ̀là” ni kí ó máa jẹ́.

5.3 Iná

Irin méjèèjì ni ó ń gbé iná lọ fún mọ́tò inú ọkọ̀: ọ̀kan ń gbé e lọ, èkejì ń gbé e bọ̀. Iná tí ń wá sílé láti òpó jẹ́ “ìṣàn àlọ-àbọ̀”, èyí tí ń yí apá padà ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ọkọ̀ kékeré ń lò láyé àtijọ́ títí di òní ní ilé púpọ̀ jẹ́ “ìṣàn ọ̀nà kan”, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12. Bátìrì mọ́tò náà jẹ́ fóòtì 12. Nítorí náà, bí iná òpó bá lọ ní Ajah, bátìrì lè gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n fíùsì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, nítorí pé agbára tí ó wà nínú bátìrì mọ́tò tó láti mú kí wáyà pọ́n kí ó sì jó ilé.

Nígbà tí iná tí ń lọ bá pàdé iná tí ń bọ̀ láìgba inú mọ́tò kọjá, àwọn oníṣẹ́ iná ní Èkó máa ń sọ pé wáyà ti bíríìjì. Èyí jẹ́ àyálò tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn mú wọlé, kò sì sí ìdí tí ìgbìmọ̀ kankan yóò fi lé e jáde. Afárá ni Yorùbá ń pe èyí tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bíríìjì sì wà fún wáyà. Èdè tí ó yá ọ̀rọ̀ náà wá fi ọ̀kan ṣe méjì. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀.

6.0 Ìdánwò

Èdè-ìperí tí kò bá lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì di èdè. Àpẹẹrẹ tí a hun yìí ni a lè fi dán an wò. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ wà nídìí pẹpẹ, iná sì kú lórí ojú irin.

Ọmọ: Bàbá, ẹ wò ó, ọkọ̀ ti dúró.
Bàbá: Níbo ni ó ti dúró?
Ọmọ: Níbi tí ojú irin ti yí po tí ó sì padà wá pàdé ara rẹ̀ ní oríta.
Bàbá: Irin ọ̀tún ti bá irin òsì pàdé níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti bíríìjì.
Ọmọ: Kí ni kí a ṣe sí i?
Bàbá: Gé ẹ̀là sí irin méjèèjì níbi tí ìyípo náà ti bẹ̀rẹ̀ àti níbi tí ó parí sí, kí àárín rẹ̀ lè ní iná tirẹ̀.
Ọmọ: Bí ọkọ̀ bá wá wà ní àárín náà ńkọ́, báwo ni yóò ṣe jáde?
Bàbá: Kí ó tó jáde, a ó yí iná ìta padà kí ó lè bá ti inú mu. Ahọ́n oríta ni kí o kọ́kọ́ sún.

Ìṣòro tí wọ́n yanjú yìí wà lára àwọn tí ó le jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ọmọ náà nílò Gẹ̀ẹ́sì láti gbọ́, àyálò kan ṣoṣo tí ó mú iṣẹ́ dání sì ni bíríìjì.

7.0 Ohun tí ó ń ṣẹ́kù

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan èdè-ìperí kan ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú yàrá. Ìtàn méjì láti Amẹ́ríkà lè dá a lóhùn.

John Allen, ayàwòrán tí ó ń gbé ní Monterey ní California, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ̀nà ojú irin kan ní ìwọ̀n HO sínú ilé rẹ̀. Ọ̀nà náà kò sí níbikíbi láyé. Ojú inú ni ó fi wò ó. Gorre & Daphetid ni ó sọ ọ́, àwàdà sì ni, nítorí pé bí a bá pè é jáde, yóò dún bí ẹni pé a ń sọ ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò tí a sì ti ṣẹ́gun. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1973 ni ó kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, iná jó ọ̀nà náà. Iṣẹ́ ìgbésí ayé odindi ènìyàn di eérú. Ṣùgbọ́n kò parun. Àwọn àwòrán tí ó yà ṣẹ́kù, àwọn àpilẹ̀kọ tí ó kọ ṣẹ́kù, eré ìfọgbọ́n-to-ọkọ̀ tí ó pè ní Timesaver náà ṣẹ́kù, tí àwọn ènìyàn ṣì ń kọ́ sórí pẹpẹ wọn títí di òní. Ohun tí a sọ lórúkọ tí a sì kọ sílẹ̀ ni iná kò lè jó.

Ìtàn kejì ni ti ẹgbẹ́ àwòṣe ojú irin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní 1946. Lábẹ́ pẹpẹ wọn, wáyà àti ẹ̀yà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Wọ́n ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ti ń béèrè rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1959, ọ̀kan nínú wọn, Peter Samson, kó wọn jọ sínú ìwé atúmọ̀ kékeré kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni hack. Láti ìdí pẹpẹ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lọ sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn dání. Lónìí, kò sí ilẹ̀ tí ń lo kọ̀ǹpútà tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe àyànláàyò ni wọ́n bí i.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò fi hàn pé kì í ṣe àìtó èdè ni ó ń dènà iṣẹ́ yìí ní Yorùbá. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ti wà: ojú irin, oríta, ahọ́n, ìkọ́, idẹ, ẹ̀là. Ohun tí ó kù ni kí a pín iṣẹ́ fún wọn kí ọ̀kan má bàa máa ṣe iṣẹ́ èkejì. Ìlànà mẹ́ta ni ó jáde nínú rẹ̀. Èkíní, kí a sọ ohun gan-an lórúkọ, kí a má túmọ̀ orúkọ àjèjì rẹ̀. Èkejì, kí a bọ̀wọ̀ fún àyálò tí ó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a dán ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

Àwòṣe: ohun tí a wò ohun mìíràn ṣe, pẹ̀lú òdiwọ̀n.
Àwòkọ́ṣe: ohun gidi tí àwòṣe kọ́.
Ìwọ̀n ìdínkù: iye ìgbà tí ohun gidi fi tóbi ju àwòṣe lọ.
Àlàfo irin: àyè láti inú irin kan dé inú irin kejì.
Ìkékúrú: fífò apá kan nínú gígùn ọ̀nà láìyí ìwọ̀n ìdínkù padà.
Pẹpẹ: pákó tí a tẹ́ ọ̀nà lé.
Igi ìdábùú: igi tí ó gbé irin méjèèjì ró.
Oríta àti ahọ́n oríta: ibi ìpínyà ọ̀nà, àti irin tí ń darí ọkọ̀ níbẹ̀.
Ẹ̀là: àyè bíńtín láàárín orí irin méjì.
Idẹ funfun: bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì tí a yọ́ pọ̀.
Ìṣàn ọ̀nà kan. Ìṣàn àlọ-àbọ̀: oríṣi iná méjì.
Bíríìjì: ìpàdé iná àlọ àti iná àbọ̀ láìgba inú mọ́tò.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin yóò gba Ajah kọjá ṣì ń bọ̀. Bí ó bá dé, àwọn tí yóò tún un ṣe, tí yóò darí rẹ̀, tí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún èrò, lè ti wà nílé báyìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń wo ọwọ́ àgbàlagbà kan lórí pẹpẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣáájú ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ náà kò ní í jẹ́ àlejò.